Ìmọ́lẹ̀ Ìdúpẹ́ Lókè Máṣù

"Ẹ dojú bolẹ̀!"

Gbòlà!

Ìbọn ọdẹ tí Gondo, ọ̀gá àwọn olè, jí gbé sọ̀rọ̀ sí òkè àjà. Gbogbo ilé àlejò tó wà létí adágún Kusharo pa lọ́lọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Àwọn àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi gbígbóná jáde, aṣọ ìwẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lára wọn, ẹja yíyan wà níwájú wọn. Ta ni yóò jẹ ẹ́ mọ́?

"Aago ọwọ́, òrùka, góòlù, gbogbo ẹ̀ sínú àpò yìí!" Makabe, igbákejì Gondo, ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fajú ro, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wá wo òkè, ẹ wá wo omi. Àwa náà wá wo ẹrù yín ni!"

Bàbá Shigezo, tó ni ilé náà, kò dojú bolẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò níyàá ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Gondo wọra. Ó wọ́ bàbá náà lọ sẹ́yìn ilé, ó tì í sínú yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sápò.

Kò sẹ́ni tó rí i àfi Kiyotaka, awakọ̀ wọn, tó jókòó nínú ọkọ̀ funfun lẹ́yìnkùlé, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn hùùù.

"Ọ̀gá, òtútù á pa bàbá yẹn o."

"Bàbá ẹ ni? Wakọ̀ jàre!"

Kì í ṣe bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kiyotaka mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ gbé e wá wo àwọn adágún wọ̀nyí. Ìrìn-àjò fàájì kan ṣoṣo tí obìnrin náà rìn láyé nìyẹn. Bàbá Shigezo ló sun àgbàdo fún Kiyotaka, tó ní kó máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà. Lónìí, bàbá náà kò dá a mọ̀.

Ọkọ̀ ta! Fùùù!

Ìyá Yasue, ìyàwó bàbá, sáré jáde pẹ̀lú òòlù onígi tí wọ́n fi ń lu ẹja gbígbẹ.

Gbà! Ìgò iná òsì fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ìyá arúgbó ti fọ́ ojú wa kan!" Makabe pariwo. "Kiyo, má fọwọ́ kan tirafíkétọ̀ o. Ti òsì ti lọ!"

"Jẹ́ kó lọ," ni Gondo wí. Ó na ìka sí àpò ẹ̀ṣọ́ kékeré tó rọ̀ níwájú awakọ̀, èyí tí ìyá Kiyotaka gbà fún un ní ojúbọ. "Oògùn ojú ọ̀nà mà nìyí. Ọlọ́pàá wo ló máa mú wa?"

Kiyotaka tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ó ń gbọ́ ìkùnsínú kan, kì í sì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì.

Àbí ẹ ò mọ̀ pé bí èèyàn bá ń sá fún ayé, kò sẹ́ni tó lè sá fún àyà ara rẹ̀? Kí Ọlọ́run má fi wá sí irú ìjókòó yẹn.

Wọ́n ń gun òkè. Máṣù, adágún tí ń fi ìkúukùu bojú bí ìyàwó tuntun! Máṣù, omi tí kò gba odò wọlé, tí kò jẹ́ kódò jáde! Ìkúukùu ti bo gbogbo ọ̀nà. Àwọn tó lọ wo ìwọ̀ oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ tò gbọọrọ bí ìjàlọ, ọkọ̀ funfun ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Iná ẹ̀yìn nìkan lèèyàn ń rí.

Ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, Sájẹ́ǹtì Isurugi, obìnrin ọlọ́pàá, dúró sínú igbó pẹ̀lú Nezu, àgbà ọdẹ béárì tó gbé ìbọn wá ràn án lọ́wọ́. Ìyá Yasue ti tẹ̀ wọ́n láago.

"Ó ní tirafíkétọ̀ òsì lòun fọ́," ni Isurugi wí. "Kò sì rí ọkọ ẹ̀ mọ́."

"Ẹ dá gbogbo wọn dúró, màmá," ni Nezu wí.

"Kí wọ́n wá yìnbọn láàárín ọmọ olọ́mọ? Rárá. Ẹ jẹ́ ká máa wo ẹ̀yìn wọn."

Kiyotaka dé oríta tí ọ̀nà rẹ̀ ti pàdé tàwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí àyè. Ẹ̀rù bà á. Ó ń ro bàbá inú yìnyín.

Tọkọtaya arúgbó kan wà nínú ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn sí. Wọ́n dúró. Ìyá àgbà náà tẹrí ba, ó fọwọ́ júwe: "Ẹ máa bọ̀, ọmọ mi."

Kiyotaka kó wọ àárín wọn.

Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣàdédé lọ. Ó tẹ iná ìdúpẹ́, tirafíkétọ̀ méjèèjì pọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Káá-káá! Káá-káá!

"Kí lo ṣe yẹn?!" Makabe fò sókè.

"Wọ́n... wọ́n yọ̀ǹda ọ̀nà fún wa."

"O sì ń dúpẹ́! Olè tó ń sá ń dúpẹ́! Ṣé orí ẹ pé?"

Ní ilẹ̀ wọn, ẹni tó gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìdúpẹ́ dà bí ẹni tó jẹun onílé tí kò kí i. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ yẹn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì.

Nínú igbó, Isurugi di ọwọ́ Nezu mú.

"Ojú kan ló ṣẹ́! Àwọn nìyẹn!"

Wíí-wọ̀ọ́! Wíí-wọ̀ọ́!

"Sáré, ọmọ yìí!" Gondo ké. Kiyotaka yà kúrò lórí ìlà, ó fò sí ọ̀nà òfìfo tó yí etí adágún ká. Gondo yọ orí jáde lójú fèrèsé. Gbòlà! Gbòlà! Gíláàsì ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń lé wọn sán. Nezu dáhùn láti inú ọkọ̀ ọlọ́pàá: kéú! Táyà ọkọ̀ olè bẹ́, pòóò! Ọkọ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Oògùn ìyá ẹ dà? Sọ fún un kó ṣiṣẹ́!"

"Ọ̀gá, arìnrìn-àjò ló ń ṣọ́. Kì í ṣọ́ ẹni tó fi bàbá sínú yìnyín."

Gondo fa àpò ẹ̀ṣọ́ náà tu. Okùn já. Pẹ́ẹ́! Ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Kiyotaka.

Kiyotaka sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tagbáratagbára.

Kíííí! Gbàgà! Ọkọ̀ gbá irin etí ọ̀nà, ó dúró. Ìbọn Gondo fò jáde, ó di ti adágún. Kí ojú Makabe tó là, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ òun àti Gondo.

Kiyotaka fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ síwájú fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó ń ké bí ọmọdé.

"Yàrá yìnyín! Bàbá wà nínú yàrá yìnyín! Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá!"

"Kọ́kọ́rọ́ ò ní tètè débẹ̀." Isurugi gbé fóònù. "Ìyá Yasue! Òòlù yẹn ńkọ́? Ẹ fi já ilẹ̀kùn yàrá yìnyín, kíá!"

Wọ́n ń gbọ́ ọ nínú fóònù. Gbà. Gbà. Gbà. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́.

"Ó ń mí!" ni ìyá náà ké. "Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀... Olúwa, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi!"

Kiyotaka dorí kodò.

"Ṣé ọwọ́ ẹ ló gbàgbé ni," Isurugi bi í, "àbí o mọ̀ọ́mọ̀ tẹ iná yẹn?"

"Mi ò mọ̀, màmá. Ó wù mí kó jẹ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀."

Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Tọkọtaya arúgbó nì ṣì wà lórí ìlà. Wọ́n tún dúró, wọ́n yọ̀ǹda ọ̀nà fún ọkọ̀ ọlọ́pàá. Isurugi tẹ iná ìdúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Káá-káá, káá-káá. Ojú méjèèjì ló ṣẹ́.

Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí ẹni tó jókòó lẹ́yìn, kò mọ ẹni tó jẹ́.

Kiyotaka gbé ọwọ́ méjèèjì pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó fi bo ojú. Ó ń rántí òórùn àgbàdo sísun, àti ọwọ́ bàbá Shigezo tó fi lé e lọ́wọ́.