Wo Inú Abọ́ Kí O Tó Jẹ́ Ìpè

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni í rí tẹni. Ká ní Hikmat rántí òwe yìí láàárọ̀ ọjọ́ tó ń fi abọ́ òfìfo pe ewúrẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má dà bó ṣe dà.

Ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọba, nílùú Ìwó, ló dúró sí, ó mú abọ́ páànù kan lọ́wọ́, ó ń fi ṣíbí lù ú: kan-kan-kan! Ewúrẹ́ Ìyá Àgbà sáré yọ láti ẹ̀yìn ògiri, ó ki ẹnu bọ inú abọ́, kò bá èèpo iṣu kankan níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ń wo Hikmat. Hikmat bú sẹ́rìn-ín.

"Hikmat, kí lewúrẹ́ fi ṣe ẹ́?" Ìyá Àgbà bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Àgbà, ẹ̀kọ́ ni mo ń ṣe o. Sàìkọ́lọ́jì ni wọ́n ń pè é."

"Ẹ̀kọ́ wo ló ní kéèyàn máa purọ́ fún ẹran? Máa ṣe é lọ. Lọ́jọ́ tí mo bá pè é tí kò bá dá mi lóhùn, ìwọ lo máa wá a kiri àdúgbò."

Mísìs Mọ́láyọ̀, olùtọ́sọ́nà ilé ìwé wọn, ló kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ náà. Ó ní tí a bá ń lu agogo fún ajá kí a tó fún un lóúnjẹ, tó bá yá, agogo nìkan ti tó láti mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀. Ó pe èyí ní àkọ́mọ́ra: ohun tí a kọ́ mọ́ ara títí ara fi ń ṣe é láìdúró de ọkàn. Ó tún kọ́ wọn ní àwáwí, ìyẹn kéèyàn ṣe àṣìṣe tán, kó máa wá ẹni tí yóò gbé e rù.

Láti ọjọ́ náà ni Hikmat ti ń ka ìwà ọmọ aráyé bí ẹni ń kàwé. Ọlọ́kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú ní ọ̀nà ọjà, ó ní èrò tó jókòó sẹ́yìn ló wúwo jù. Hikmat délé ìwé, ó ròyìn rẹ̀ fún Mísìs Mọ́láyọ̀ pé, "Mà, àwáwí pọ́ńbélé nìyẹn!" Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Dókítà Ọkàn.

"Dókítà Ọkàn, bá mi wo tèmi náà," ni Sodiqat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí lọ́jọ́ kan. "Kí ló ń ṣe mí tí oorun fi ń kùn mí tí mo bá ti ṣí ìwé?"

"Ọ̀lẹ ni. Ìyẹn ò gba dókítà."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Sodiqat gan-an rẹ́rìn-ín.

Òye Hikmat wú Mísìs Mọ́láyọ̀ lórí débi pé ó yàn án láti lọ sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé ìwé wọn níbi ìdíje kan ní Òṣogbo. Hikmat kò dúró níwájú èrò níta Ìwó rí. Ojoojúmọ́ ló ń dúró síwájú dígí, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń dáhùn. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ́ nínú ìdánwò àṣewò kò ní lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Hikmat kò wò. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Ìyá Àgbà a dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, a máa kì í:

"Àjíkẹ́! Àjíkẹ́ òkín, ọmọ Olódò Ọbà. Odídẹrẹ́ Ìwó kì í kú sóko ìwájẹ. O ò ní kú sóko ìwájẹ, láṣẹ Ọlọ́run."

Orí Hikmat a wú. A ní, "Ìn-ín," a dìde. Àkàrà gbígbóná a tẹ̀ lé oríkì, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán an a tẹ̀ lé àkàrà. Nínú ilé wọn, ẹni tí wọ́n bá kì kì í béèrè pé, "Kí ni?" Sodiqat ti sùn lọ́dọ̀ wọn rí nínú ààwẹ̀, ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ ní àsìkò sààrì.

Ọjọ́ ìdánwò àṣewò Bàọ́lọ́jì dé. Ẹ̀yìn Hikmat ni Sodiqat jókòó sí.

"Hikmat," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Hikmat, ṣe bí èèyàn, jọ̀ọ́, jẹ́ n rí ìwé rẹ."

Hikmat kò wẹ̀yìn.

Sodiqat fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ìyá arúgbó: "Àjíkẹ́... Àjíkẹ́ òkín, ọmọ Olódò Ọbà..."

Orí Hikmat wú. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti na ìwé ìdáhùn sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì ti ké gbàù láàárín gbọ̀ngàn tó pa rọ́rọ́: "Ìn-ín!"

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, tó ń ṣọ́ wọn, yíjú padà. "Ta ló pè ẹ́?"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn wá jẹ́jẹ́, ó sì bá ìwé Hikmat lọ́wọ́ Sodiqat. Òdo ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Wọ́n sì fi Haneefah, ọmọ kíláàsì wọn, rọ́pò Hikmat fún ti Òṣogbo.

Hikmat kúnlẹ̀ níwájú Mísìs Mọ́láyọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. "Mà, kì í ṣe ẹ̀bi mi. Àkọ́mọ́ra ni. Sodiqat ló fi oríkì pè mí."

"Mo gbọ́. Ọlọ́kadà tó ní èrò ló wúwo, kí lo pe tiẹ̀?"

Hikmat wolẹ̀. "Àwáwí, mà."

"Ó ṣeun. Dìde."

Nígbà tó délé tó ro ẹjọ́, Ìyá Àgbà kò bá a wí. Wọ́n kó èèpo iṣu sínú abọ́, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. "Lọ pe ewúrẹ́ wá."

Hikmat lu abọ́ títí. Ewúrẹ́ dúró ti ògiri, ó na ọrùn, kò mira. Ìgbà tí Hikmat tẹ abọ́ síwájú tí èèpo hàn síta ló tó rọra wá.

"O rí i?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹran tó o tàn jẹ ti gbọ́n. Inú abọ́ ló ń kọ́kọ́ wò báyìí. Ṣé ọmọ èèyàn ni kò wá ní lè wò ó? Oríkì dára, ọmọ mi, ó ń gbé orí ẹni ró. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kì ẹ́ ló gbé àkàrà dání. Wo inú abọ́ kí o tó jẹ́ ìpè."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Hikmat lára. Ó ti ka ìwà gbogbo ayé tán, ó gbàgbé láti ka ti ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé ara lè kọ́ nǹkan kó má béèrè lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ohun tó ń fa òun ti ní agbára láti dúró. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká mọ tẹlòmíràn tán, ká má mọ tara wa.

Lọ́jọ́ tí Haneefah wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, Hikmat dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé, ó juwọ́ sí i títí ọkọ̀ fi pòórá. Ibẹ̀ ni Sodiqat bá a, ó di ìwé iṣẹ́ ìṣirò tí kò tíì ṣe mọ́ àyà.

"Àjíkẹ́ òkín! Ọmọ Olódò Ọbà! Odídẹrẹ́ Ìwó..."

Orí Hikmat tún wú. "Ìn-ín" dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó wo ọwọ́ Sodiqat, ó rí ìwé náà.

"Jókòó, màá ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ. N ò ní bá ẹ kọ ọ́."

"Háà! Àjíkẹ́, àbí o ṣì ń bínú ni?"

"N ò bínú. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ló ni orúkọ yẹn lẹ́nu. Jọ̀ọ́, Sodiqat, Hikmat ni kí o máa pè mí."