Ẹni Tó Ń Bá Mi Fa Wáyà

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, ibà ò sì ṣe mí. Ẹni tó bá ní kí n búra, màá búra. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílé onílé, tí mo ń fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì láti yàrá dé yàrá, kò sì sọ́jọ́ kan tí mo gbà pé iwin wà. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe ségesège, eruku ni, tàbí ooru, tàbí ọmọ tó da omi lé e lórí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe eruku.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Oṣù mẹ́jọ ló ti wà nílé láìníṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan wá ń wá ẹni tí yóò máa jókòó sílé, tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí kọ̀ǹpútà. Ní aago méjì, ọ̀gá mẹ́ta fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un: bí àwòrán bá ń já, tàbí tí ariwo bá wà, kó gbàgbé iṣẹ́ náà.

Pálọ̀ ni ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì wà, káfíńtà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀ tó ń fi ayùn rẹ́ pákó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn nìkan ló pa rọ́rọ́, ṣùgbọ́n ògiri ilé àtijọ́ yẹn nípọn débi pé íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dé ibẹ̀. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀rọ wọn sí tuntun. Mo gbé e sókè, mo gbé e sílẹ̀, pàbó ló já sí. Ó wá ku ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn tó kọ́ ilé náà ti fi páìpù sínú ògiri láti pálọ̀ dé yàrá ẹ̀yìn, okùn kan sì wà nínú rẹ̀. Wáyà tó kù lọ́wọ́ mi kò gùn tó kí n gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, àmọ́ ó tó gba inú páìpù.

Ẹni méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan á máa ti wáyà wọlé, ẹnì kejì á máa fi okùn fà á lódìkejì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ní kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́. Aago ni wọ́n ń tún ṣe. Kò sí aago tí kò péye nínú ilé wọn, kò sì sí ibi tí àwọn fúnra wọn dé lásìkò rí. Mò-ń-Bọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

"Bọ̀dá," mo ní, "ẹ lọ dúró nídìí ihò tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. A ò ní gbọ́ ohùn ara wa. Tí mo bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró. Lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa fà."

"Mò ń bọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì jáde.

Mo so wáyà mọ́ okùn. Mo ní sùúrù díẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n fà á.

Fífà náà dùn mọ́ mi. Kò yára, kò sì falẹ̀. Tí wáyà bá fẹ́ lọ́, á dúró. Tí mo bá tú u, á tún máa lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó mọ wáyà fà báyẹn. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọkùnrin yìí kàn ń fi ara rẹ̀ ṣòfò nídìí aago ni.

Ayùn káfíńtà dákẹ́. Mò ń gbọ́ orin ẹ̀gbọ́n mi láti balùwẹ̀.

"Ṣé kí n wá máa lọ síbẹ̀ báyìí?"

Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti wá. Mo yíjú. Bọ̀dá ni. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ wọn, ẹnu wọn sì kún.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Mo yà ra búrẹ́dì ni. Ṣebí mo ní mò ń bọ̀."

Wáyà ṣì ń lọ lọ́wọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀. Ó ń ha àtẹ́lẹwọ́ mi bó ṣe ń wọ inú ògiri.

"Ta ló wá ń fà á?" ni Bọ̀dá béèrè.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

A lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Bọ̀dá ní kí n máa lọ níwájú, nítorí pé èmi ni mo mọ iṣẹ́. Fèrèsé wà ní títì. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Wáyà ti jáde láti inú ihò, ó wà lórí tábìlì, wọ́n ká a dáadáa. Wọ́n tiẹ̀ ti fi orí tí à ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà sí i. Wáyà tín-tìn-tín mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀ tò bó ṣe yẹ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, àpò mi ni àwọn orí wáyà wà, ẹ̀mú tí mo fi ń tẹ̀ wọ́n sì wà lọ́wọ́ mi.

"Iṣẹ́ yìí mọ́ o," ni Bọ̀dá sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó mọ́ ju ti—"

"Ẹ má parí ẹ̀."

Ẹ̀rù mi di ìbínú. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Ta ló ránṣẹ́ pè é? Mo mú ẹ̀mú, mo gé orí wáyà náà dànù, kí n lè fi tèmi sí i.

Yàrá dákẹ́ lọ gbári. Wáyà mì lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú ihò, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fa sùpàgẹ́tì sẹ́nu. Mo dì í mú. Ó wọ́ mi dé ara ògiri kí n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wọlé tán. Ihò nìkan ló kù.

Aago kan àbọ̀ ti lù. A sáré padà sí pálọ̀. Mo ti wáyà, kò mì. Mo fà á, kò mì. Bọ̀dá bá mi fà á, àwa méjèèjì sì ṣubú lu ara wa.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi bá wa, ó ti múra tán. "Kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀?"

A sọ fún un. Ẹni tó ń sá fún aláǹgbá ni, mo ti ń retí igbe. Ó wo aago. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Oṣù mẹ́jọ," ló wí. Ó nu ojú rẹ̀. "Nígbà tí wọ́n ń bá ẹ fa wáyà yẹn, ṣé o kí wọn?"

"Kí n kí ta?"

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ṣé o ní ẹ kú iṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú ògiri ni—"

"Ṣé o kí wọn, àbí o ò kí wọn?"

"Mi ò kí wọn."

"O ò kí wọn. O tún wá gé iṣẹ́ wọn dànù lójú wọn. Ṣé bí àwọn òbí wa ṣe tọ́ wa nìyẹn?"

Ó fà mí létí dé yàrá ẹ̀yìn. "Dọ̀bálẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí o. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ihò tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo wí fún ògiri. "Ẹ má bínú. Iṣẹ́ yín dára."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ tì mí.

"Ó dára ju tèmi lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Ó pẹ́. Nǹkan kan họ ara rẹ̀ nínú ògiri, ó dúró, ó tún họ. Wáyà yọrí. Orí tuntun ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rọra ń bọ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó dúró. Èmi ni mo kì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ṣe ìyẹn.

Ní aago méjì, àwọn ọ̀gá mẹ́ta yọjú. Àwòrán wọn mọ́ débi pé mo rí ibi tí ọ̀kan ti fi abẹ gé ara rẹ̀ nígbà tó ń fá irùngbọ̀n. Èmi àti Bọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n béèrè, ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Àwòrán kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fún un níṣẹ́, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, èmi náà sunkún díẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà fún un.

"Ó yá," ni Bọ̀dá wí, "ẹ jẹ́ ká kó kúrò nílé yìí lónìí."

"Kí ló dé?"

"Ẹni tó wà nínú ògiri ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ihò náà. "Ṣé wọ́n pariwo?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n ní ká wá gbọ́ oúnjẹ fáwọn?"

"Rárá o."

"Nígbà tí iṣẹ́ délẹ̀, ṣé wọ́n sá?"

Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí.

"Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wọlé tí ẹ̀ ń jáde nílé yìí," ló wí, "ẹ ka ẹlòmíì tó rí bẹ́ẹ̀ fún mi."

Bọ̀dá wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀, torí ó kàn mí. Ó lé wa jáde, ó ní òun fẹ́ tún yàrá ibi iṣẹ́ òun ṣe, ó sì ti ilẹ̀kùn.

A dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. À ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó dákẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín téèyàn ń rín tí ẹlòmíì bá sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ti gbé e ga lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá lọ kí i, pálọ̀ ni mo máa ń jókòó sí, mi kì í dé yàrá ẹ̀yìn.