Ọjọ́ Mọ́kànlélógún

Òjò ń rọ̀ sórí adágún Geneva lọ́jọ́ tí Solange sáré wọ ọkọ̀ ojú omi tí Yvan ń wà. Ó gbé àpótí àjẹsára mọ́ àyà.

"Ìyá ìkókó," ni Yvan wí, "ṣé ọmọ náà máa san owó ọkọ̀?"

Solange bú sẹ́rìn-ín. Bí ìfẹ́ ṣe wọ àárín wọn nìyẹn.

Dókítà ni Solange. Òun ló ń kó àwọn dókítà jọ káàkiri ayé lọ síbi tí àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀. Ìgbàkigbà tó bá dé, á fẹnu ko Yvan lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, bí gbogbo ìlú ti ń kíra wọn.

Àfi ìgbà tó ti Kóńgò dé. Yvan na ọwọ́, Solange fà sẹ́yìn.

"Má bínú, olólùfẹ́ mi. Ó rẹ̀ mí."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́, kò sì jẹ́ kí Yvan wọlé. Ìyá Yvan, Màdáámù Dumusc, kò mọ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́.

"Obìnrin tí ò fẹnu kò ẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ló rí."

"Màmá, ẹ dákẹ́ jàre!" Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún tí Solange ti dé, Yvan rí ìwé kan tó já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà Solange. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì méjì: àárọ̀ kan, alẹ́ kan. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́! Owú kò kúkú mọ̀wé kà. Ó lu ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

"Ta ló ń rí ẹ láàárọ̀, tó tún ń rí ẹ lálẹ́?"

Solange ṣílẹ̀kùn, ó dúró lókèèrè. Ẹ̀rọ tó fi ń wọn ìgbóná ara ló nà sókè.

"Òun nìyí, láàárọ̀ àti lálẹ́. Nọ́ọ̀sì wa kan kó Èbólà, èmi ni mo tọ́jú ẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo gbọ́dọ̀ fi ṣọ́ ara mi. Àfẹ́sọ́nà mi àtijọ́ gbọ́ orúkọ àrùn yẹn, kò dúró mú bàtà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìwọ náà á lọ."

Yvan yíjú sí àtẹ̀gùn. Ó sọ̀ kalẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Solange di ojú, omijé sì bọ́. Ìgbà tó lajú, Yvan ti jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ṣé ibí jìnnà tó?"

"Ó tó."

"Ó ku ọjọ́ méjì. Èrò ọkọ̀ tí mi ò mọ̀ rí gan-an, mo máa ń dúró dè é. Ìwọ wá ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejìlélógún, Solange wọ ọkọ̀ Yvan níṣojú Màdáámù Dumusc. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ó tún padà sí òsì.

"Mẹ́ta là ń kí ara wa," ni màmá wí. "Ti kí ni ìkẹrin?"

"Ti ìyàwó yín ni, Màmá. Bí ọmọ yín bá gbà."

Yvan gbà, àní ó gbàgbé okùn ọkọ̀ lọ́wọ́. Màmá wo obìnrin náà títí. Ó sì na ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sí i.