Òṣìṣẹ́ Mẹ́rìndínlógún Inú Ẹ̀rọ Bàbá Oníbàálù

Ṣe ni obìnrin kan pọn kọ̀ǹpútà wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wé e, ó fi òmíràn ṣe ọ̀já, wáyà kan sì ń fì lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù ewúrẹ́. Òjò ń rọ̀. Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ló ta agboòrùn bò, òun fúnra rẹ̀ ti rin gbingbin.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Wáyà, sọ irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti rí oríṣiríṣi oníbàárà. Ó ti rí ẹni tó da tíì sórí ẹ̀rọ, ó ti rí ẹni tí èkúté jẹ tirẹ̀ kù díẹ̀. Kò tíì rí ẹni tó pọ̀n ọ́n wá.

“Ọmọ oṣù mélòó ni?” ló bi í.

“Ó máa ń gbọ̀n,” ni obìnrin náà dáhùn láìrẹ́rìn-ín, “pàápàá tó bá fẹ́ balẹ̀.”

Wáyà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wá gbọ́ ohun tó sọ, òun náà rẹ́rìn-ín, omi òjò sì ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀. N ò ní tàn yín, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìfẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tó bàjẹ́, kó lọ sọ ibi tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún wa.

Ilé búrẹ́dì ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ni kọ̀ǹpútà náà. Awakọ̀ òfurufú ni bàbá yìí nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, Bàbá Oníbàálù ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, kí dókítà tó gbọ́ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú àyà rẹ̀, tó ní kó sọ̀ kalẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, géèmù kan ṣoṣo ló kù tó ń mú ojú rẹ̀ tàn, èyí tí ènìyàn fi ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà, tí òkè, ìlú àti kùrukùru á máa kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni pé òótọ́ ni. Bàbá kì í fi ṣeré o. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló ń wọ̀ jókòó sídìí rẹ̀, ó sì ń kí àwọn èrò tí kò sí níbẹ̀ káàbọ̀.

Wàhálà rẹ̀ ni pé bí bàálù bá ti súnmọ́ ìlú ńlá báyìí, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á dúró gbagidi, á tún fò síwájú. Ó ti ń sú bàbá. Nígbà míì, ògiri ló ń wò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ mẹ́rin ló bí. Obìnrin yìí ni àbíkẹ́yìn wọn, òun nìkan ló sì wà nílé. Òun ló ń fún bàbá lóògùn, òun ló ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun ló ń se, òun ló ń fọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílùú míì, wọ́n sì mọ fóònù í pè dáadáa.

Wáyà tú ẹ̀rọ náà, ó mi orí. Ó ní ọpọlọ inú rẹ̀ ti darúgbó. Ó ṣàlàyé pé àwọn kan wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, kọ́ọ̀ ni àwọn ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n kó kúkú pè wọ́n ní òṣìṣẹ́. Méjì péré ló wà nínú ti bàbá. Òun máa wá ọpọlọ tó ní mẹ́rìndínlógún sí i.

“Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà,” ni Wáyà wí. “Bí àwọn mẹ́rìndínlógún bá gbá géèmù yẹn mú, yóò balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú bí orúkọ mi.”

“Wáyà kọ́ lorúkọ yín,” lobìnrin náà sọ, ó sì jáde sínú òjò.

Ọpọlọ tí Wáyà bèèrè pẹ́ kó tó dé, mi ò sì rò pé ó dùn ún. Ìdí rèé: ó ti ń ra búrẹ́dì bí ẹni tó ní ọmọ mẹ́wàá nílé, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń gbé. Oníbúrẹ́dì ló ń pe obìnrin náà. Nígbà tó yá, “ẹ” di “o” láàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó yí padà. Wọ́n á jọ rìn dé ìkóríta, obìnrin náà á máa wo aago ọwọ́ rẹ̀, nítorí oògùn ọ̀sán bàbá.

Nígbà tí Wáyà sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Oníbúrẹ́dì kò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní òun náà fẹ́ràn rẹ̀, òun ò sì ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n òun ò lè ronú ilé ọkọ nígbà tí bàbá òun ń wo ògiri. Bí géèmù yẹn bá dára, tí bàbá rí ohun tí yóò máa ṣe, bóyá òun á lè gbé ojú sókè.

Ẹ wá wo ẹrù tó gbé lé ọpọlọ kọ̀ǹpútà lórí.

Ọpọlọ náà dé. Wáyà lọ fi sí i nílé wọn ní ọjọ́ ìsinmi kan. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó gbéra, ó fò lórí òkun, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Bó ṣe rí ìlú ńlá lọ́ọ̀ọ́kán tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, àwòrán dúró gbagidi. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi padà ṣí, imú bàálù ti wọlẹ̀.

Bàbá bọ́ ohun tó fi sétí, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́.

“Mi ò já bàálù lulẹ̀ rí,” ló wí.

Ó yẹ kí Wáyà dákẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ẹlòmíì ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi òwe gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó máa ń ṣòro fún un láti sọ pé òun ṣì í. Ó la ẹnu, ó ní, “Bóyá ẹ tètè fà á wálẹ̀ ni, sà.”

Àgbà awakọ̀ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún o, nínú ilé rẹ̀, lójú ọmọ rẹ̀. Bàbá wò ó títí, ó ní kó máa lọ. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó wọ yàrá, kò sì fọwọ́ kan géèmù mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà lára ìkọ́. Oúnjẹ ń lọ, oúnjẹ ń bọ̀ bó ṣe lọ.

Oníbúrẹ́dì sọ fún Wáyà lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì pé kó má wá mọ́ ná. Ó ní òun ò bínú, òun ò kàn ráyè ni. Wáyà mọ̀ pé irọ́ ni apá kìíní, òótọ́ sì ni apá kejì, apá kejì yẹn ló sì dùn ún jù.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kó irú géèmù kan náà sórí irú ọpọlọ kan náà, ó fò lọ sí irú ìlú ńlá bẹ́ẹ̀, ó sì ṣí ojú ibi tí ènìyàn ti lè rí ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ojú tì í. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kú. Díẹ̀ nínú àwọn yòókù ń gbé nǹkan wẹ́wẹ́, àwọn tó pọ̀ jù jókòó tẹtẹrẹ. Ó ti ìdajì wọn pa, géèmù náà kò tilẹ̀ mọ̀. Ìgbà tó wá dín wọn kù sí mẹ́rin ni ilé àti igi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Èyí tó wá burú jù ni pé, nínú àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn, kò sí ọ̀kan tó yára tó àwọn méjì àtijọ́ tó yọ dànù.

Wáyà wá ọpọlọ míì. Mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kálukú wọn yára bí àṣá. Ó dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, bàálù balẹ̀ láìgbọ̀n. Ó gbọ̀nà ilé búrẹ́dì lọ.

Oníbúrẹ́dì ń yọ búrẹ́dì nínú ààrò. Wáyà sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi òwe kankan kún un. Obìnrin náà bi í pé kí ló dé tí ọ̀kan yẹn kò pín iṣẹ́ fún àwọn tó kù.

“Apá kan wà tí kò ṣeé pín,” ni Wáyà dáhùn. “Ohun tó ń gbé bàálù dúró lókè, ìkan gbọ́dọ̀ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ò lè jọ fi òwú bọ abẹ́rẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ilé, igi, kùrukùru, ohùn, àwọn tó kù lè gbé ìyẹn, bí wọ́n bá gbé e fún wọn.”

Obìnrin náà gbé àwo búrẹ́dì kalẹ̀. “Ilé wa nìyẹn,” ló wí.

Wáyà lè fi ibẹ̀ bú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó sì fi wá ojú rere obìnrin náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bi í pé, “Ṣé o ti gbé nǹkan kan fún wọn rí?”

Inú bí Oníbúrẹ́dì, ó kọjú sí búrẹ́dì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Ó rántí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ pé òun ń bọ̀ wá lo oṣù kan, òun Oníbúrẹ́dì ló sì ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó rántí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bèèrè orúkọ oògùn bàbá, òun sì ní kò ní yé e. Kò sẹ́ni tó gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun náà kò ṣí ọwọ́.

Ó gbé fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ó ti rẹ òun. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ló kọ́kọ́ pè. Ó ní, “Àbúrò mi, a rò pé o ò fẹ́ ká dá sí i ni.” Wọ́n jọ sunkún díẹ̀. Ọkùnrin náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun ń kó ẹrù bọ̀, nítorí ibi tí òun bá wà ni òun ti lè ṣe iṣẹ́ òun. Ẹ̀gbọ́n obìnrin gba ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹnì kẹta gba aṣọ fífọ̀ àti oúnjẹ, ó ní òun á gba ẹni tí yóò máa ṣe é.

Oníbúrẹ́dì ní kí Wáyà máa bọ̀, Wáyà sì fi ọpọlọ tuntun sí ẹ̀rọ bàbá. Bàbá kò jáde. Wáyà lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

“Sà, ẹ̀yin kọ́ lẹ já bàálù yẹn lulẹ̀. Èmi ni mo já a. Ọpọlọ tí mo fi sí i kò dára fún iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yin ni mo sì di ẹ̀bi rù.”

Bàbá kò ní kó dìde kíákíá. Ó bi í ní ìbéèrè lóríṣiríṣi, báwo ló ṣe mọ̀, kí ló dán wò, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tó dín wọn kù. Wáyà dáhùn ohun tó mọ̀, ó sì sọ pé òun ò mọ èyí tí òun ò mọ̀. Bàbá dìde, ó wá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ó gbéra. Ó dé ìlú ńlá náà, ilé ń kọjá, ọ̀nà ń kọjá, ohun kankan kò gbọ̀n. Ó balẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Láìyí orí padà, ó béèrè lọ́wọ́ Wáyà pé kí ni ó ń wá nílé òun gan-an.

“Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, sà.”

“Ṣé ó ti gbà?”

“Mi ò tíì bi í dáadáa, sà. Ọ̀rọ̀ yín ló ń rò.”

Bàbá yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ife omi oògùn lọ́wọ́. “Kí lo fẹ́?” ló bi í.

Kò sẹ́ni tó bi Oníbúrẹ́dì ní ìbéèrè yẹn láti ọdún tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó wá ìdáhùn, ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Mo fẹ́ lọ, bàbá mi,” ló wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. “Mo fẹ́ràn yín, mo sì fẹ́ lọ.”

“Ta ló sọ fún ọ pé o ò gbọdọ̀ lọ?”

Ó ronú títí. Kò rí ẹnì kankan. Bàbá na ọwọ́ gba ife náà, ó sì gbé oògùn rẹ̀ mì fúnra rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí Wáyà. “Ìwọ náà ńkọ́?” ló wí. “Ṣé o ò ní bi mí dáadáa ni?”

Wáyà bi í. Kò tíì parí rẹ̀ tí obìnrin náà fi ní bẹ́ẹ̀ ni.