Iṣu Gbígbóná Láti Ṣakí

Adégbénró pa àbúrò mi. Jẹ́ẹ́dé ni orúkọ rẹ̀. Ó pè é lólè, ó sì fi kòbókò lù ú títí ó fi kú. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ilẹ̀ tó gba Jẹ́ẹ́dé gba èmi náà.

Ṣakí sí Ìsẹ́yìn lé ní àádọ́ta máìlì. Àwa tó ń ru ẹrù, ọjọ́ mẹ́ta la fi ń rìn ín. Jẹ́ẹ́dé tó ń gbé lẹ́tà fún oníṣòwò òwú kan a máa fi ọjọ́ méjì sá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì wú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lọ́dún kẹta ogun àwọn Òyìnbó, ó kírun àsùbáà tán, ó yà sọ́dọ̀ mi. Ọyẹ́ mú. Mo yọ iṣu nínú iná, mo fi ewé dì í fún un.

"Ìyá Ràmọ́nì, iṣu yìí á jó mi lára."

"Máa sáré. Kó o tó dé Àgọ́-Àrẹ, á ti tutù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo lóṣòó, mò ń fẹ́ná. Lójijì, àwọn àkùkọ dákẹ́. Ewúrẹ́ tó ń ké dákẹ́. Mo wá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ògiri, níbi igi emi.

"Jẹ́ẹ́dé."

Ohùn mi ni. Ẹnu mi sì wà ní pípadé.

Bí wọ́n bá pe èèyàn látẹ̀yìn lójú ọ̀nà, kì í dáhùn láìrí ojú ẹni tó pè é. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ Jẹ́ẹ́dé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní í dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn? Mo gbọ́ tó jẹ́ mi. Mo sáré jáde. Ọ̀nà ṣófo. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú eruku dé ìdí igi emi, ó parí síbẹ̀.

Àwáwù ló rìn wá sọ ìyókù fún mi. Ó ń rànwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Adégbénró, akọ̀wé oníṣòwò náà ní Ìsẹ́yìn. Ó ní wọn kò tíì ká ẹní àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀ yẹn nílẹ̀ tí Jẹ́ẹ́dé fi dé, tó ń wò bí ẹni tó jí ní ilé onílé. Adégbénró gba lẹ́tà. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ náà ló kúrò ní Ṣakí. Adégbénró ní irọ́ ni, pé ńṣe ni Jẹ́ẹ́dé pa agbélẹ́tà mìíràn lọ́nà, tó jí lẹ́tà náà, tó sì yí ọjọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Àwọn kan ní kánàkò ló lò. Kánàkò wo? Àbúrò mi kò tilẹ̀ ní bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí," ni Jẹ́ẹ́dé wí. "Mo jẹ́ ẹ. Bí mo ṣe yíjú, Ìsẹ́yìn ni mo rí."

Wọ́n so ó mọ́ òpó. Ìdí kòbókò ká eyín rẹ̀ méjì. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ya bí àkísà. Nígbà tó yá, kò ké mọ́. Ìró ẹgba nìkan ló kù nínú agbo ilé. Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, ó ti kú.

Mi ò mọ ẹni tó fi ohùn mi pè é. Láti ìgbà náà, mi ò pe ẹnikẹ́ni látẹ̀yìn mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ Adégbénró, o tú àpò Jẹ́ẹ́dé kó o tó mú kòbókò. Àwáwù rí ọ. O fọwọ́ kan iṣu, o jù ú sílẹ̀, ò ń gbọn ọwọ́, ooru sì ń jáde lára rẹ̀. Àpá náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Mo ti kọ̀wé sí ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Iná ta ló jó ọ? Dá mi lóhùn.