Ahéré Ọ̀nà Ìlua

"Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe wíńdò ilé tuntun tí a fẹ́ kó lọ! Èmi nìkan ni n ó sì máa sùn ní yàrá mi," ni Àdìjátù wí, bí òun àti Àwáwù ti ń ká òwú lábẹ́ igi máńgòrò agboolé wọn ní Ìsẹ́yìn.

Àwáwù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Àwọn méje ló ń há mọ́ra ní yàrá ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ a sì máa gbá a lójú. Kíláàsì kan náà ni òun àti Àdìjátù wà. Kí ni Àdìjátù fi sàn jù ú? Owú ń jẹ ẹ́, ká má parọ́.

Ládòkun, bàbá Àdìjátù, ni ọ̀rọ̀ ilé yìí kàn. Lọ́dún 1981 yẹn, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ahunṣọ fẹ́ bá ọmọ ẹgbẹ́ kan san owó àsansílẹ̀ lórí ilé tuntun kan lẹ́yìn ìlú, kí onítọ̀hún wá máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé kí ẹni náà má tíì nílé tirẹ̀ rí. Orúkọ Ládòkun ló ṣíwájú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá Ọlágòkè, akọ̀wé ẹgbẹ́, wá ṣèwádìí ní agboolé náà. Àwáwù nìkan ló bá nílé.

"Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni Ládòkun ò nílé níbì kankan?"

Àwáwù kúnlẹ̀. "Wọ́n nílé lọ́nà Ìlua, sà. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn nígbà ìkórè."

Ahéré oko ló pè nílé yẹn o! Kò sọ pé koríko ni wọ́n fi bò ó, pé ewúrẹ́ tó bá fara yún ògiri rẹ̀ lè wó o. Bàbá Ọlágòkè mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú Àwáwù dùn títí di alẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ pé jọ sí agboolé àwọn Àwáwù. Ládòkun ṣàlàyé títí. "Ahéré lásán ni, ẹ̀yin àgbà!"

Alága wọn, Bàbá Àdìgún, kò gbà. "Ibi tí èèyàn bá ń sùn tí òjò ò pa á, ilé ni. Ẹ fa orúkọ ẹ̀ kọ. Ta ló kàn?"

"Ràmọ́nì ni," ni akọ̀wé dáhùn.

Àwáwù ń gbé igbá omi bọ̀ fún àwọn àgbà nígbà tó gbọ́ ọ. Bàbá òun ni Ràmọ́nì! Kò mọ̀ pé ó forúkọ sílẹ̀. Wíńdò onígíláàsì ti ń tàn lójú rẹ̀.

Ràmọ́nì dìde, ó ṣí fìlà. "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń wò mí. Ògiri kan ṣoṣo ló la ahéré tèmi àti ti Ládòkun láàrin. Bí tiẹ̀ bá jẹ́ ilé, ilé ni tèmi náà. Ẹ fa orúkọ mi kọ."

Wọ́n fà á kọ. Jẹ́ẹ́dé, ọmọ ẹgbẹ́ tí kò roko rí láyé rẹ̀ débi tí yóò fi láhéré, ló gba ìrànlọ́wọ́ náà.

Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, Ràmọ́nì pe ọmọ rẹ̀. "Àwáwù, mo fẹ́ kó bá yín lójijì ni. Mo ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ẹ lọ́kàn mi."

Ẹkún gba Àwáwù lẹ́nu. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò nà án. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Lọ bẹ bàbá Àdìjátù."

Ládòkun dárí jì í. Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó mọ́. Jẹ́ẹ́dé ti gba kọ́kọ́rọ́. Àdìjátù gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí òdìkejì igi máńgòrò, ibẹ̀ ló sì ti ń dá òwú rẹ̀ ká.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má bá ọmọnìkejì yín jowú ire. Ọ̀nà tí ẹ bá dí mọ́ ọn lè jẹ́ èyí tí ire tiyín náà fẹ́ gbà wọlé.