Àga Kánsẹ́lọ̀ Kì í Ṣe Ogún

Ọkùnrin tó jókòó síwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun rẹ̀ lọ́jọ́ náà, irun ló wá gẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́.

"Kánsẹ́lọ̀ wa tuntun! Ẹ rọra gẹ̀ mí o, kí wọ́n má baà ní ìjọba ló ba orí mi jẹ́."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ̀rọ ìgẹrun yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì la ọ̀nà tààrà gba àárín orí ọkùnrin náà kọjá.

"Yéè! Kí lo ṣe yẹn?"

Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tèmi, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́. Ìgbà tí mo wo ojú ọmọ yẹn ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Omi ti lé sí i lójú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Kò tíì lo sáà rẹ̀ tán tí àìsàn fi mú un lọ. Èèyàn dáadáa ni. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ló ń bá káńsù fà, pé kí wọ́n fa páìpù dé àdúgbò wa, níbi tí a ti ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi gun òkè láàárọ̀ lálẹ́. Wọ́n ti gbà báyìí pé oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn máa dìbò, bóyá ọ̀dọ̀ wa ni páìpù á gbà àbí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Àga wa sì ṣófo. Ta ni yóò bá wa sọ̀rọ̀?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ. Wọ́n ní ọmọ ló máa jókòó sí àga bàbá rẹ̀. Ta ló yàn án? Kò sẹ́ni tó yàn án o. Ẹnu kan sọ ọ́, ẹnu kejì gbà á, ó bá di òótọ́.

Mo fa ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o fẹ́ àga yìí?"

"Àǹtí, mi ò fẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ, ẹnu mi á gbẹ. Irun ni mo mọ̀ ọ́n gẹ̀."

"Ẹni tó la títì sórí oníbàárà ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún sorí kọ́. "Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀, Màámi á rò pé mo kọ bàbá mi sílẹ̀. Ojú wọn ò sì tíì gbẹ."

Mo ní kó jẹ́ ká lọ bá ìyá rẹ̀. Ó ní rárá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a lọ.

Nígbà tí a dé ilé, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú wa ti jókòó sí pálọ̀, ó gbé fìlà lé orúnkún. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ṣe búrẹ́dì tà ládùúgbò, náà wà níbẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì wá fún ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí a ti sìnkú. Obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun lójoojúmọ́ mọ iyì omi. Kò sí ìjókòó káńsù tí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún ará ìlú tí kì í lọ. Á jókòó sẹ́yìn, á fajú ro mọ́ gbogbo wọn. Agbẹjọ́rò Omi là ń pè é.

"Ẹ má bínú, ìyá wa," ni akọ̀wé wí. "Mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí a pè lánàá láti yan ẹni tó máa rọ́pò Bàbá, èmi àti alága nìkan la bá àwọn bẹ́ǹṣì ṣe é."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Àwọn èèyàn ní ojú ń ti àwọn. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa jókòó máa pín àga olóògbé lójú opó rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yín ló ni ín."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí?" Èmi ni mo bi í bẹ́ẹ̀.

"Rárá o. Orúkọ ẹgbẹ́ wa ni Bàbá fi wọlé, nítorí náà òfin káńsù wa ní kí ẹgbẹ́ mú ẹlòmíì wá. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yìí la máa péjọ. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń gbé níbí, tó sì ti dàgbà tó, lè jáde dupò, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Ìbò ìkọ̀kọ̀ la máa dì. Ẹni tó bá wọlé, ìyókù sáà Bàbá ló máa lò. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìlú á tún dìbò."

"Bí àwọn èèyàn ò bá wá ńkọ́?"

"Bí a ò bá tó ìdajì, ìpàdé ò dúró. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa bá sì kọjá, àwọn kánsẹ́lọ̀ tó kù á yan ẹni tó bá wù wọ́n. Ó lè jẹ́ ẹni tí kò gbé kẹ́ẹ̀gì rí láyé rẹ̀. Ìpàdé kan ṣoṣo ló kù wá, ọjọ́ Sátidé."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo ti ń wá bí n ó ṣe sọ fún ọ. Mi ò fẹ́ kí o lọ jókòó síbẹ̀. Mo kàn rò pé ó wù ẹ́ ni."

"Màámi! Kò wù mí rárá. Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ fẹ́ ẹ."

"Èmi kẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Ẹkún tẹ̀lé e, èmi náà bá a sun ún, ara sì tù wá.

Ó nu ojú rẹ̀, ó wo Ìyá Oníbúrẹ́dì. "Ìwọ ńkọ́, tí o mọ ọ̀rọ̀ omi yìí bí ẹni mowó? Kí ló dé tí o ò jáde?"

"Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ni mo ń wò. Báwo ni n ó ṣe gbé búrẹ́dì wá kí yín, kí n tún máa wo àga ọkọ yín?"

"Ojú mi? Ṣé ojú mi lo máa fi po ìyẹ̀fun? Jáde, mo fọwọ́ sí i."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ dúdú rẹ̀ jáde, èmi sì tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé: "Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wá ọkọ mi, itẹ́ òkú ni kí ẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wá kánsẹ́lọ̀, ẹ wá sí ìpàdé." Ta ni yóò bá opó jiyàn?

Nígbà tó di Sátidé, kíláàsì tí a ti ṣèpàdé kún dẹ́nu. Àwọn kan gba ojú fèrèsé wòran. Lándílọ́ọ̀dù kan tó ní kànga tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé jáde du àga náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Wọ́n wá bi wá bóyá ẹlòmíì tún wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dìde. Ọmọ tó ní ẹnu òun máa ń gbẹ!

"Mo fa Ìyá Oníbúrẹ́dì kalẹ̀," ló wí.

"Mo kín in lẹ́yìn," ni ìyá rẹ̀ wí.

A dìbò, wọ́n kà á lójú gbogbo wa. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló wọlé. Lándílọ́ọ̀dù náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, káńsù sì búra fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ páìpù délẹ̀, ẹ̀yìn kọ́ ló jókòó sí mọ́. Ó sọ̀rọ̀ omi títí àwọn tó kù fi bẹ̀ ẹ́ pé ó ti yé àwọn. Wọ́n dìbò, ọ̀dọ̀ wa ni páìpù gbà.

Ẹ̀yin ará, bí àga kan bá ṣófo ní káńsù yín, ẹ má jókòó sílé nítorí ìtìjú tàbí àánú. Ẹ bi ẹgbẹ́ yín tàbí ọ́fíìsì káńsù léèrè ohun tí òfin yín wí, torí òfin ibì kan yàtọ̀ sí tibòmíì. Ẹ mọ ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ sì wá dìbò. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ náà, ẹ jáde, kò sẹ́ni tó fi àga sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ má sì ti ọmọ ọlọ́mọ síbi tí kò fẹ́ lọ.

Ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi, gbogbo wa tò síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bu omi. A dúró de ẹ̀gbọ́n mi. Ó dé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì ọkọ rẹ̀ sábẹ́ omi, ó kún, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó tó," ló wí. "Ó kan ẹlòmíì."